Pèrègún Bàbá Mi

Òórùn èèpo obì tó ń jẹrà lẹ́yìnkùlé ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, òórùn kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni títí dé ìgboro. Abúlé wa kò jìnnà sí Òkè-Ìlá. Ìlá-Ọ̀ràngún ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ kan mú ìwé dé pé ìjọba fẹ́ fún àwọn ní ilẹ̀ wa, nítorí igbó tí kò lólóko ni. Ilẹ̀ tí bàbá bàbá mi gbin obì sí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ tí yóò gba ilẹ̀ náà sílẹ̀. Mo kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán, mo pe ìpàdé sí ilé-ìwé. Ènìyàn méje ló wá, méjì nínú wọn sì sùn. Mo ní ará oko ò mọyì nǹkan.

Ìgbà náà ni ìyàwó ilé wa kan, opó tí wọ́n gbé wá láti Ìrèsì, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Kò pe ìpàdé kankan. Ilé ẹni tó bá ń bó obì ló ń lọ, á jókòó tì wọ́n, á máa bá wọn bó o, á sì máa bi wọ́n pé, "Ta lẹ bá pààlà? Pèrègún yín ṣì wà níbẹ̀? Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o." Kó tó pẹ́, àwọn tó ti ń bára wọn yodì nítorí ààlà ti jọ ń ro ìdí pèrègún kan náà. Nígbà tí àwọn àgbà ní òun ni kó ṣáájú wa, mo pàtẹ́wọ́, inú mi sì ń ta bí egbò. Mo jowú rẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Obìnrin tí wọn ò bí síbẹ̀, tí kò lè ka lẹ́tà mi, òun ni gbogbo abúlé ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí láti ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba pé ọ̀la ni àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ yẹ ilẹ̀ wò ń bọ̀, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n bá bá lóko rẹ̀ ni wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olóko. Mo ti fóònù bọ àpò, mo sì dákẹ́. Mo ní kí ti obìnrin yìí náà bàjẹ́ lójú wọn. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ara mi ò gbà á mọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ bá a, mo sì jíṣẹ́ náà fún un.

"Ìgbà wo ni wọ́n pè yín, Tíṣà?"

"Láàárọ̀."

"Ẹ ṣé tí ẹ wá," ló wí, ó sì mú ìborùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, olóko kọ̀ọ̀kan dúró ti pèrègún tirẹ̀. Èmi ń tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ kiri pẹ̀lú ìwé lábíyá, àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Akọ̀wé, oko tiyín ńkọ́?" Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, n kò fẹsẹ̀ tẹ oko náà mọ́. Gbogbo pèrègún jọra lójú mi.

Ìyàwó wa ló rọra fà mí lápá. "Ti bàbá yín nìyí. Àwọn ni ọkọ mi bá pààlà, ó sì fi hàn mí kó tó lọ. Ẹ dúró tì í."

Mo dúró tì í, wọ́n sì kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ wa títí di òní. Àwọn ọmọ wa tó máa ń ti Èkó wálé fún ọdún ṣì máa ń kí ìyàwó wa kí wọ́n tó kí mi, ó sì ṣì máa ń dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi mí ní oko mi, òun náà ì bá lè dákẹ́ bí mo ṣe dákẹ́. Ní báyìí, bí mo bá lọ ro ìdí pèrègún yẹn, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ro.