Ìṣẹ́jú Méjì Lórí Àpáta

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà lé, tó máa ń gbé kọ́ èjìká láàárọ̀ Sátidé. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni kó máa tún awò ojú ṣe, kó pààrọ̀ gíláàsì, kó so apá tó ti yẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà á lọ́kàn ni fọ́tò etíkun, níbi tí àwọn àpáta dúdú ti yọrí jáde nínú omi. Èmi ni mo ń bá a tẹ̀ wọ́n síta ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọdún mọ́kànlá rèé, n kò sì tíì rí oníbàárà tó ń yọ èèyàn lẹ́nu bíi tirẹ̀. Ó lè dúró ti ẹ̀rọ mi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nítorí igun kan tó ní ó ṣú jù.

Fọ́tò tirẹ̀ kì í ṣe ti kíákíá. Ó ní gíláàsì kan tó fi ń bo ojú kámẹ́rà, ó dúdú bíi ti awò àwọn jórinjórin, kí ìmọ́lẹ̀ má baà rọ́ wọlé. Kámẹ́rà á wá lajú sílẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú méjì. Ohunkóhun tó bá ń rìn láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn kò ní sí nínú àwòrán. Ìgbì á di kùrukùru, ẹyẹ á pòórá, ẹni tó bá rìn kọjá kò ní hàn rárá. Ohun tó bá dúró jẹ́ẹ́ nìkan ló ń yọ. Àwọn oníṣègùn eyín ló ń ra fọ́tò rẹ̀ jù, wọ́n á gbé e kọ́ sí yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá àwọn èèyàn náà máa ń gbàgbé eyín wọn tí wọ́n bá ń wò ó. Ó ní òun ò mọ̀, eyín tòun ò dun òun.

Wàhálà rẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá apẹja kan. Lórí àpáta pẹlẹbẹ tó wà láàárín gan-an, níbi tí ojú ẹni tó ń wo àwòrán á kọ́kọ́ bà lé, ni bàbá yìí máa ń jókòó sí pẹ̀lú ìwọ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta á kí i, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́." Bàbá á ní, "Ìwọ náà kú iṣẹ́ o." Ó parí nìyẹn. Mo ní kó ṣáà bẹ bàbá kó sún díẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ gbá a létí.

"Ẹni tó tó bàbá mi? Kí n wá ní kí wọ́n dìde fún mi? Mi ò lè ṣe é."

Ohun tó wá ń ṣe ni pé ó ń pa bàbá rẹ́. Tó bá délé, á ṣí àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, á mú àwọ̀ àpáta láti ẹ̀gbẹ́ kan, á máa fi bo bàbá díẹ̀díẹ̀, láti fìlà títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wákàtí méjì ló máa ń gbà. Tó bá tán, á da àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ nù kí kọ̀ǹpútà má baà kún. Kò lè ní kí àgbà dìde, ṣùgbọ́n ó lè pa á rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀wọ̀ nìyẹn lójú tirẹ̀. Mo fi í rẹ́rìn-ín títí.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin àgbàlagbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń wá ẹni tó ń ya fọ́tò létíkun. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta wà níbẹ̀, ó ń ṣàròyé nípa igun kan, mo sì nawọ́ sí i. Obìnrin náà ní ìyàwó bàbá apẹja lòun. Àyà ló dun bàbá, kò ju ọjọ́ kan lọ tó fi kú, ó sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì.

"Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé," ó ní. "Tí mo bá ní ká lọ ya fọ́tò, á ní kí n fi òun sílẹ̀, òun ní ayàwòrán tòun, gbogbo Sátidé lẹ ń ya òun. Ọmọbìnrin wa ti lóyún. Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn mọ bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe rí. Ẹyọ kan péré ni mo wá bẹ̀ yín fún."

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun lọ́jọ́ mẹ́ta.

Ó tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ palẹ̀. Àwòrán tó lé ní irinwó ló wà níbẹ̀, àpáta pẹlẹbẹ wà nínú gbogbo wọn, bàbá ò sí nínú ọ̀kankan. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ jù. Lọ́jọ́ kẹta, ó mú káàdì kan wá, ó ní ìsàlẹ̀ àpò kámẹ́rà lòun ti rí i. Àwòrán kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, èyí tí omi ta sí ojú kámẹ́rà nígbà tó ń yà á, tó ba igun ọ̀tún jẹ́, tí kò fi yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti tún un ṣe.

A ṣí i. Òkun ti di kùrukùru, bàbá sì jókòó sáàárín, ojú rẹ̀ mọ́ kedere bí àpáta tó jókòó lé. Ìwọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà ló kọjú sí.

"Kò mira," mo ní. "Ká ní ó ń mira bíi ti gbogbo èèyàn ni, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni ì bá pa á rẹ́, o ò bá má ṣe wàhálà kankan. Torí pé ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ọ lo ṣe ń fọwọ́ pa á rẹ́."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ ilẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun èmi pàápàá bí mo ṣe sọ ọ́ tán. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta ní ojú ń ti òun, ó sì ní kí n tẹ̀ ẹ́ ní títóbi.

Ìyá náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó wo àwòrán náà pẹ́, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ẹ̀wù tó fi ń lọ sóde nìyí. Mo máa ń bi í pé ta ló ń wọ èyí lọ pẹja. Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi yà á?"

"Méjì, mà."

"Ọkùnrin yìí? Tí kì í lè jókòó jẹun tán?" Ó tún wò ó. "Àwọn yòókù ńkọ́? Ó ní wọ́n pọ̀."

Mo ti ní irọ́ kan nílẹ̀, pé kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta ò jẹ́ kí n pa á.

"Kò sí òmíràn mọ́, mà. Àpáta ni mo ń yà. Mo máa ń yọ bàbá kúrò ni."

Ìyá gbójú kúrò lára àwòrán, ó wò ó. Ẹ̀rọ mi ṣì ń kùn lẹ́yìn wa.

"Kí ló dé tí ẹ ò ní kó dìde?"

"Mi ò fẹ́ rí wọn fín, mà."

Ìyá ká àwòrán náà, ó rọra fi okùn dì í.

"Ó máa ń sọ ọ́ fún mi tó bá dé," ó ní. "Á ní, 'Etíkun yẹn gùn lọ rẹrẹ, àpáta sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí mo bá jókòó sí lọmọ yẹn ń kọjú kámẹ́rà sí.'"