Kọ́là Tó Fẹ́ Da Ìgbéyàwó Wa Rú

Lọ́dún 1969, díẹ̀ ló kù kí kọ́là ọrùn àlùfáà dá mi padà sí Ìbàdàn láìlọ́kọ. Bàbá mi ti búra pé bí wọn ò bá so wá pọ̀ níṣojú òun lọ́jọ́ Sátidé yẹn, òun á mú mi wọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ogun ò tíì parí, kò sì rí ìdí tí ọmọ òun tó ka yunifásítì á fi máa tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ epo kiri Port Harcourt.

Àlùfáà dé kíláàsì tí àwa Yorùbá fi ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ní Rumuola. Ó mú Bíbélì dání, ó mú ìwé oyè àlùfáà rẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí tí kọ́là funfun rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ti sọnù níbi tí àwọn sójà ti ń yẹ ẹrù wò.

Bàbá ìjọ, akọ̀wé báńkì, dìde. "Ẹ má bínú, sà. Ọrùn lásán ò lè so tọkọtaya pọ̀."

"Ìwé oyè mi rèé."

"Ta ló ń wo ìwé? Ọrùn làwọn èèyàn ń wò."

Ọkọ mi gé páálí bisikíìtì bíi kọ́là, ó nà án sí àlùfáà. Àlùfáà wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé òkú eku fún. "Èmi? Páálí?"

Wákàtí méjì kọjá. Àtíkè ojú mi ti ṣàn dé àyà. Àwọn ọkùnrin méjì tó kàwé ń bára wọn jiyàn lórí ọrùn, bàbá mi sì ń wo aago. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé kọ́là funfun gbagidi kan wà lọ́rùn bàbá ìjọ fúnra rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń yọ lára ṣẹ́ẹ̀tì. Bí a bá yí iwájú rẹ̀ sẹ́yìn, ó di ti àlùfáà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa ní tiyín."

Ó fọwọ́ bo ọrùn. "Kí n wá jókòó síwájú ìjọ bí alágbàṣe?"

"Baba, abeg na!" obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. "Ebi ń pa wá o!"

Bàbá mi dé fìlà, ó dìde. "Ó dáa. Tó bá jẹ́ kọ́là ló ń so èèyàn pọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní in, ẹ bọ́ síwájú kẹ́ ẹ wá so wọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ń mú ọmọ mi lọ."

Ẹ̀rín sọ. Bàbá ìjọ já kọ́là náà, ó jù ú sórí tábìlì, ó bá ẹ̀yìn jáde.

Àlùfáà yí i sẹ́yìn, ó fi sọ́rùn, ó sì so wá pọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ìjọ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó bí ẹlẹ́rìí, kò sì wọlé mọ́. Èmi ìyàwó ni mo wọ́ aṣọ funfun nílẹ̀ gbé ìwé lọ bá a lójú fèrèsé níta. Ó fọwọ́ òsì fún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ra, ó fi ọ̀tún kọ orúkọ. Kò kí mi kú oríire.

"Sọ fún àlùfáà," ló wí, "kó má làágùn sí kọ́là mi."