Àgbọn tí Ayálégbé Gbìn

Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni mí, mo sì ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, nígbà tí àgbọn kan fẹ́ tú ilé tí mo háyà yàrá sí ní Ajíbòdé ká. Ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń wá yàrá kiri lọ́dọ̀ wa, tí ọ̀kadà sì ń sáré gba ojú ọ̀nà tí a ń sá ẹ̀gẹ́ sí tẹ́lẹ̀.

Àgbẹ̀ ni Bàbá onílé wa, mùsùlùmí tí kì í pariwo. Káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti wá, ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ti wá ọmọ pẹ́. Nígbà tí ìyàwó bí ọmọbìnrin lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ sin ibi ọmọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbin àgbọn tó ti hù lé e lórí, kí ọmọ náà lè na ìka sí i lọ́jọ́ iwájú pé, "Ibí ni wọ́n bí mi sí." Oko ni Bàbá wà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé, kò sí ẹni tó sọ fún wọn.

Òjò àkọ́rọ̀ ló tú àṣírí. Ewé àgbọn náà là, ó yọ sókè láàárín gbúre. Bàbá ń lọ ṣe àlùwàlá, bútà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n dúró.

"Ta ló gbin èyí?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Èmi ni, Bàbá. Àgbọn ọmọ yín ni."

"Ẹ̀gẹ́ ni ayálégbé ń gbìn. Àgbàdo. Ẹ̀fọ́. Ta ló ní kí o gbin àgbọn?"

Bóyá ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣàjèjì sí ẹni tó dàgbà sí ìgboro. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí a ń kórè kí ọdún tó yí po ni àlejò ń gbìn sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹni tó bá gbin igi tó ń tọ́jọ́, ilẹ̀ ló ń wá. Ẹ̀gbọ́n Bàbá ti yá ẹnìkan ní oko rí ní ìhà Lagelu. Ẹni náà rọra ń gbin obì. Nígbà tí wọ́n ní kó dá ilẹ̀ padà, ó ní kí wọ́n wá ka igi òun. Ẹ̀gbọ́n náà kú láìrí ilẹ̀ gbà.

Bàbá ní kí káfíńtà hú àgbọn náà kí oṣù tuntun tó lé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó ẹrù rẹ̀. Káfíńtà ṣe tán láti hú u. Ìyàwó ni kò gbà. Ó ní ọkọ́ kò gbọdọ̀ kan ibi ọmọ òun, kí nǹkan má bàa ṣe ọmọ.

"Ǹ bá ní ká kó lọ," ló sọ fún mi, "àmọ́ tá a bá kó lọ tán, ṣé wọn ò ní hú u lẹ́yìn wa?"

Láti ìgbà náà, ara kò rọ ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ìdí àgbọn ni ìyàwó ti ń fọ aṣọ, ibẹ̀ ló ti ń ṣa ẹ̀wà. Bí ọkọ́ bá ró lẹ́yìn ilé kejì, á dìde. Bí mo bá ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ, n óò lọ sí ojú fèrèsé, n óò padà, n óò tún máàkì ojú ìwé kan náà. Bàbá pàápàá á jáde, wọ́n á yí àgbọn náà po, wọ́n á wọlé.

Ìyàwó Bàbá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé ọmọ tí ò tíì léyín ló fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ yín?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Yóò hu eyín."

Mo lọ bá Bàbá. Mo ní kí a kọ ìwé, kí káfíńtà fọwọ́ sí i pé òun kò ní ilẹ̀ níbẹ̀.

"Tíṣà," ni wọ́n wí, "ìwé á máa gbó. Àgbọn á máa ga."

Mo ti dìde tán nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. "Wọ́n gbé ibi ọmọ wọ ilẹ̀ mi, wọn ò tọrọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ bá káfíńtà.

"Tíṣà, ṣebí mò ń san owó ilé," ló wí.

"Owó kí ni?"

"Owó yàrá."

"Ṣé ẹ̀yìnkùlé wà nínú yàrá ni?"

Ó dìde, ó lọ pe ìyàwó rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Bàbá ti kírun Àsùbá tán, káfíńtà dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn, ìyàwó kúnlẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, a wá tọrọ ilẹ̀ tí a sin ibi ọmọ sí."

"Ẹ ti sin ín kí ẹ tó tọrọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ forí jì wá."

Bàbá dìde. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ọkọ́, wọ́n kọrí sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó sáré ṣáájú wọn, ó dúró bo àgbọn náà.

"Yà fún mi, ìyá ọmọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ ẹ."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ gbẹ́ ẹ?"

Ìdí ògiri ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bọ̀, wọ́n ń kó o sí ìdí àgbọn, títí ó fi di ebè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe àwọn ọmọ wọn jáde kí gbogbo wọn wò ó.

"Ibi ọmọ ni ẹ tọrọ, mo ti fún yín. Bí mo wà, bí mi ò sí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbẹ́ ibẹ̀. Àmọ́ ẹ ò tọrọ igi. Èmi ni mo kọ ebè fún un, tèmi ni."

Káfíńtà tún dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó onílé bèèrè pé, "Tó bá wá so ńkọ́?"

"Ọmọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ mu omi rẹ̀. Nígbà yẹn, yóò ti pààrọ̀ eyín."

Síbẹ̀, títí káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ fi kó lọ sí ilé tiwọn, bí ọkọ́ bá ti ró níbi kankan, ìyàwó yẹn á yọjú wo ẹ̀yìnkùlé. Àìtọrọ ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé onílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: kí ọwọ́ yín tó kan ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀. Ẹ̀yin onílé náà, bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó wá tọrọ, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣì fún wọn.