Ẹbí Ò Tíì Fèsì

Nígbà tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé tán, ní àárín àwọn ọdún 1980, kò sí yunifásítì kan nílẹ̀ wa tó ń gbani síṣẹ́. Ìjọba ti ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Omi inú àwọn kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ káàkiri Jos ni mo fi ṣe ìwádìí mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì máa ń bi mí pé ṣé omi kòtò ni mo máa jẹ ni. Inú máa ń bí mi.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó kan tó ka ìwádìí mi fẹ́ fún mi níṣẹ́ ọdún méjì ní yunifásítì tirẹ̀ lókè òkun, irú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀mọ̀wé. Ó ní òun máa fóònù, kí n kàn sọ bóyá mo gbà. Kò sí fóònù nílé wa ní àdúgbò Nasarawa Gwong ní Jos, nítorí náà nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá mi, tó ń ta aṣọ, ni mo fún un. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, òun là ń pè ní Bàbá.

Mo jókòó ti fóònù náà títí ó fi sú mi. Ọjọ́ tí mo lọ kí abiyamọ kan ní Kabong ló wá dún.

Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀rín kún ẹnu Bàbá.

“Òyìnbó rẹ ti pè! Ó mọ èèyàn kí o. Ó ní òun fẹ́ kí o wá sọ́dọ̀ òun.”

“Kí lẹ sọ fún un, Bàbá?”

“Haba! Kí ni mo máa sọ? Mo ní a ti gbọ́. Mo ní ọmọ wa ní ẹbí, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó sọ ọ́ ná. Ṣé kó rò pé o ti sú wa ni? Ẹni tó bá fẹ́ ọ á padà wá.”

Bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó wá tọrọ ọmọ lóhùn nílé wa nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi padà kí wọ́n tó gbà fún un, ẹ̀gbọ́n mi sì ń fi ṣe fáàrí títí dòní.

Orí mi gbóná. Mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ pariwo mọ́? Ẹni tó ń ṣọ́ iyì mi. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù, mo tò títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò rí ìlú òyìnbó pè. Lọ́jọ́ kejì ni ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n náà tó wọlé. Àánú mi ṣe é gan-an. Ó ní àgbàlagbà kan sọ pé a ò tíì ṣetán, bẹ́ẹ̀ ni yunifásítì ò lè dúró, àwọn ti mú ẹlòmíì.

Mo fẹsẹ̀ rìn padà sí ṣọ́ọ̀bù láti lọ sọ fún Bàbá. Ó ti kó àwọn àgbà ẹbí jọ síbẹ̀, pẹ̀lú àáfà kan láti Ìlọrin. Wọ́n ti ṣàdúà tán. Bàbá ti gé aṣọ tó nípọn jù nínú ọjà rẹ̀ sílẹ̀, nítorí òtútù ìlú òyìnbó.

“Ó dáa, ọmọ mi,” ló wí, ó sì ti fóònù náà síwájú mi. “Ẹbí ti gbà. Pè wọ́n, kí o sọ fún wọn.”

Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé fóònù náà sétí. Mi ò mọ ẹni tí mo lè pè.