Jẹnẹrétọ̀ Láàárín Ìràwọ̀

Ìgbàkígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń wúkọ́, aládùúgbò wa kan l'Agége ni mo máa ń rántí. Gẹ́ẹ̀mù ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣe jáde, òun nìkan. Ó lẹ àwòrán ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀ kún ògiri, àwọn ló ń wò ya ti inú gẹ́ẹ̀mù rẹ̀. Tí iná bá lọ, tí iṣẹ́ ọjọ́ náà sì ṣòfò, á mí kanlẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, a tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Lọ́jọ́ kan, ó fi gẹ́ẹ̀mù náà hàn mí. Nínú rẹ̀, iná ọkọ̀ ojú ọ̀run kan lọ, ibẹ̀ ṣókùnkùn, awakọ̀ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó fa okùn jẹnẹrétọ̀.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Lójú ọ̀run lọ́hùn-ún náà?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbìyànjú kí n yọ ọ́ kúrò. Mi ò mọ bí ibi tí iná kì í lọ ṣe ń rí."