Ọ̀rọ̀ Tó Wà Lára Ìgò Jáàmù

Gesche Oltmanns. Opó, ọmọ ọgọ́ta ọdún, ẹni tó ń ṣí afárá fún ọkọ̀ ojú omi nílùú Leer, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń hun èdè kan, èdè tó fara jọ ti àwọn baba ńlá wọn, tí ẹnikẹ́ni ò sọ rí. Kò bímọ. Èdè yẹn nìkan ló ní.

Lọ́sàn-án Sátidé, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣẹ̀dá èdè pàdé. Èèyàn mọ́kànlá. Tíì gbígbóná. Folkert, tó kéré jù láàárín wọn, dìde.

"Ẹ má bínú o, Àǹtí Gesche. Ọ̀rọ̀ yẹn, Harust, tí ẹ fi ń pe ìgbà tí ewé ń wọ́, èmi ni mo ni ín. Ó ti pé ọdún mẹ́rin nínú ìwé mi. Oṣù tó kọjá lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tiyín jáde."



Tomma, alága, ò wojú Gesche. "Gesche, o mọ òfin wa. Ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀, a ó pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ẹgbẹ́."

"Èmi? Olè?" ni Gesche wí.

"Ẹ̀rí yín dà?" ni Folkert wí. "Àbí ẹ rí ọ̀rọ̀ náà tó ń léfòó lábẹ́ afárá?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Gesche ti ṣíbí bọ inú ife. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń sọ pé òun ò mu tíì mọ́. Ó jáde lọ sílé.

Nígbà tó padà dé, ìgò jáàmù eléruku kan ló gbé síwájú Tomma. Lẹ́tà gàdàgbà lára rẹ̀. Harust 1997.

"Ọwọ́ Enno ló kọ èyí," ni Tomma wí.

Enno, ọkọ Gesche. Òun ló kun orúkọ sára ọkọ̀ ojú omi gbogbo wọn. Ó ti kú láti ọdún 2006.

Folkert gba ìgò náà. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí màmá mi bá lọ síbi iṣẹ́, ilé yín ni mo ti ń jẹun."

"Lójoojúmọ́," ni Gesche wí. "Wàá tún lá ṣíbí jáàmù."

"Àǹtí, mo búra, mo rò pé orí mi ló ti wá ni."

"Folkert," ni Tomma wí, "òfin kan náà ló mú ìwọ náà o."

Ojú gbogbo wọn padà sọ́dọ̀ Gesche. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ, wọn a pa orúkọ Folkert rẹ́. Ó wo Folkert. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di ìgò náà mú.

"Jáàmù ló jẹ, ó jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Èwo ni ti olè níbẹ̀?"

Ó yọ ṣíbí kúrò nínú ife, ó na ife náà sí Folkert.

"Gbé ìgò ọkọ mi sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Kí o bu tíì fún mi."