Èéfín Tí Ìyá Mi Kò Fẹ́

Èéfín ni ìyá mi fi tọ́ wa dàgbà. Púpurù ló ń ṣe ní Igbódìgò: á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, á mọ ọ́n róbótó, á tò ó sórí àjà iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, ẹni tó bá jókòó tì mí ti mọ iṣẹ́ ìyá mi láìbéèrè. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin yìí kan náà sọ pé òun kò ní wọ ọkọ̀ mi mọ́ nítorí pé ó ń rú èéfín, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ìgbà tó yá ni inú wá bí mi.

Tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe ra ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, Ìye mi, bí a ti ń pe ìyá ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, á wọ sùtánà funfun, á gun ọ̀kadà láìwọ bàtà, ó di ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà rẹ̀ ní Òkìtìpupa. Nígbà òjò kan, ọ̀kadà yọ̀ ní kọ́nà, ó sì gbé e ṣubú. Orúnkún rẹ̀ wú, síbẹ̀ ó tún gun òmíràn lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi bá ti ń mọ́ ni àyà mi ń já. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí arúgbó yìí sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ní tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe fi tọ́bò sí i, irọ́ ni mo pa. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni mí, òǹtẹ̀ ni mo ń lù mọ́ ìwé láti àárọ̀ dalẹ́. Mo fẹ́ ohun kan láyé mi tó máa ń sáré. Mo bá ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, mo ní kí mẹkáníìkì so tọ́bò mọ́ ọn kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lágbáralágbára. Ọkọ̀ náà sáré lóòótọ́. Ó sì ń rú èéfín bí ẹni tó ń sun oko.

Mẹkáníìkì ṣàlàyé fún mi. Nínú afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fẹ́ yẹn, díẹ̀ á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìǹgì, irin róbótó tó yẹ kó dí i mọ́nú, bọ́ sí ikùn ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ́ìlì wà. Ó gbọ́dọ̀ jáde, torí náà họ́ọ̀sì kan wà tó ń gbé e padà sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí sínú. Ṣùgbọ́n kì í dá lọ, ó máa ń gbé ọ́ìlì dání bí ìrì. Ẹ́ńjìnnì mi ń mu ọ́ìlì ara rẹ̀, sàlẹ́ńsà sì ń ròyìn rẹ̀ fáráyé.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo gbé Ìye dé géètì ṣọ́ọ̀ṣì, èéfín bo àwọn àgbà ìjọ tó dúró níbẹ̀. Kí ìsìn tó parí, ẹ̀mí gbé wòlíì obìnrin kan, ó nawọ́ sí mi.

"Mo rí èéfín tó ń tẹ̀ lé ọmọ yìí lẹ́yìn. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta."

Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ó wù mí kí n sọ pé èyí kò gba ìran, pé gbogbo ẹni tó lójú ló rí i ní géètì, ṣùgbọ́n Ìye ti ń wò mí. Ó bá mi gba ààwẹ̀ náà, ó sì ní títí èéfín yẹn yóò fi lọ, ọ̀kadà ni òun ó máa gùn.

"Ìye, ẹ̀yin tí ẹ ń yan púpurù?"

"Èéfín púpurù, mo mọ ibi tó ti ń ghá," ó dá mi lóhùn, ó ń fi ohùn Ìkálẹ̀ pe wá ní ghá.

Mẹkáníìkì ní agolo ló kù: a ó fi í sí àárín họ́ọ̀sì náà, kí ọ́ìlì máa kù sínú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ nìkan máa kọjá. Ilé tí mo háyà ní Òkìtìpupa kò láyè, nítorí náà abẹ́ igi máńgòrò Ìye la sọ di ibi iṣẹ́ ní gbogbo Sátidé. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń yà síbẹ̀. Màá gbé búrẹ́dì kalẹ̀, n kò tilẹ̀ ní pa ẹ́ńjìnnì. Ní báyìí, Ìye gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú, ó ń ha ẹ̀yìn púpurù, ó sì ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Agolo gáàsì fíríìjì tó ti tán ni wẹ́dà kan tó ń jó irin lò, ó jó imú méjì mọ́ ọn, mẹkáníìkì sì dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ tọ́bò tó máa ń gbóná bí ààrò.

"Oṣù méjì-méjì ni kí ẹ máa da ohun inú rẹ̀ nù," ó sọ fún mi.

Oṣù méjì kẹ̀. Nígbà tí a tú u lọ́sẹ̀ kejì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ́ìlì ń gba imú kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde bí àlejò tí wọn kò fi àga lọ̀. Mẹkáníìkì ní ó yẹ kí nǹkan wà nínú rẹ̀ tí ọ́ìlì yóò máa fara gbá. N kò dúró kó parí ọ̀rọ̀. Mo wọ balùwẹ̀, mo mú kànìnkànìn ìbílẹ̀ tuntun tí Ìye fi pamọ́, mo kì í sínú agolo dáadáa. Ọgbọ́n orí mi dùn mọ́ mi. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo tẹ iná.

Kò pẹ́ rárá tí kànìnkànìn fi mu ọ́ìlì yó, tó wú, tó dí imú agolo pa. Nígbà tí afẹ́fẹ́ inú ikùn ẹ́ńjìnnì kò rí ọ̀nà gbà, ọ̀pá gééjì tí a fi ń wọn ọ́ìlì fò jáde, ọ́ìlì dúdú tẹ̀ lé e, ẹ̀kán mẹ́ta sì bà lé sùtánà tí Ìye sá sórí okùn. Ì bá sàn fún mi kó bú mi. Ó ká aṣọ náà, ó rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí iná.

"Ohun tó bá ń hó, a kì í dé e pa, ọma mi." Ó ṣí ìkòkò omi tó fẹ́ fi ro púpurù, omi sì ń kán lára ìdérí. "Ooru ni omi yìí tẹ́lẹ̀. Ìdérí tó tutù ló mú un. Ùwọ wá lọ so agolo mọ́ ibi tó gbóná jù nínú ọkọ̀." Ó na kànìnkànìn onírin tó fi ń ha ìdí ìkòkò sí mi. "Èyí kì í mumi."

Mẹkáníìkì lọ mú sípánà. A gbé agolo síwájú, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, a fi irin Ìye sínú rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sáré dé Òsoòrò, mo sáré padà, sàlẹ́ńsà mọ́ tónítóní, ọ́ìlì sì wà nísàlẹ̀ agolo. Ìye ní kí n dà á sínú ìgò fún òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀. Nígbà ìjẹ́rìí, ó dìde nínú sùtánà rẹ̀, ó gbé ìgò náà sókè sí wòlíì. "Èéfín tí ẹ rí lọ́jọ́sí nìyí, ẹ̀yin wòlíì. Ìran yín kò purọ́." Wòlíì náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, inú mi ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. A dé kọ́nà tí Ìye ti ṣubú lórí ọ̀kadà.

"Ọkọ̀ ti dára báyìí," ó ní. "O ò ní máa ghá ní Sátidé mọ́ nìyẹn."

Ojú tì mí. Mo rántí búrẹ́dì, mo rántí ẹ́ńjìnnì tí n kì í pa.

"Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ la gbọ́dọ̀ máa da ohun inú agolo yẹn nù, Ìye," mo wí.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni Ìye jókòó sí lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì ní oṣù méjì-méjì ni ká máa dà á nù. Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, "ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Mo ní abọ́ kan nílé tí a lè máa dà á sí."